Ẹ̀jẹ̀ Tó Dì Lẹ́sẹ̀ Bàbá Mi

Etí òkun gan-an ni ìlú tí mo ń gbé lókè òkun wà, ṣùgbọ́n tí oṣù Kẹsàn-án bá ti parí, kò sẹ́ni tó ń sún mọ́ omi náà mọ́. Kùrukùru ló máa ń ti inú òkun gòkè wá. Á gba òpópónà kan bọ́ sí èkejì, á bo ilé, á bo igi, títí ènìyàn kò fi ní rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó bá nà án síwájú. Ilẹ̀ a sì máa ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, inú kíláàsì ni mo wà, mo sì rò pé òjò ńlá ló ń bọ̀. Mo ń wo ojú àwọn tó kù bóyá ẹnì kan á sáré lọ ká aṣọ. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ gbójú sókè.

Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ bà mí lẹ́rù ju òtútù lọ. Ní Igbó-Ọrà, níbi tí mo ti ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́sàn-án, tí ènìyàn bá jí láàárọ̀ tí kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, á jẹ́ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò. Lọ́hùn-ún, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé nǹkan ń lọ déédéé. Ọkùnrin kan ń gbé nísàlẹ̀ yàrá mi. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí, ikọ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Á wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́, á tún wú u lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ikọ́ náà débi pé mo máa ń sọ nínú ọkàn mi pé, ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo bá a dúpẹ́, mo ní ara rẹ̀ ti yá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo bá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì àti àga rẹ̀ sínú ọkọ̀. Mo bi wọ́n pé níbo ni bàbá náà kó lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní ó ti kú, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Ìwòsàn òkú ni mo ti ń dúpẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ hàn sí mi pé ènìyàn lè kú síbẹ̀ kí àjà kan ṣoṣo wà láàárín òun àti ẹlòmíràn, kí ẹni yẹn má sì mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tan rédíò sílẹ̀ tí mo bá ti wọlé, kí ẹni tó bá wà lókè mi lè mọ̀ pé mo ṣì wà.

*

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́. Ilé ńlá alájà mẹ́ta ni, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ní ó jẹ́ nígbà kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, kápẹ́ẹ̀tì pupa sì wà nílẹ̀ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, débi pé ènìyàn kì í gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò tẹ́lẹ̀, mo wá di ẹni tó ń wẹ arúgbó, tó ń wọṣọ fún wọn, tó ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Iṣẹ́ náà kò tì mí lójú. Ohun tó ń dùn mí ni pé bàbá mi kò dàgbà tó ẹni tó kéré jù nínú wọn. Tí mo bá ti ń nu ẹ̀yìn ọkùnrin ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, mo máa ń rántí pé bàbá mi kò pé àádọ́ta kó tó kú, àti pé èmi kọ́ ni mo wẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi á pè. Aránṣọ ni ìyá mi, mo sì máa ń gbọ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Á bi mí bóyá mò ń jẹun, mà á ní mò ń jẹun. Á bi mí bóyá ara le, mà á ní ara le. Àwọn tó wà nílé rò pé irọ́ àwa tí a wà lájò jẹ́ irọ́ ọlá, pé à ń sọ pé a ní ohun tí a kò ní. Irọ́ tí mo pa jù ni pé ara mi le.

Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ́ lára mi nígbà náà. Ọdún kejì tí mo débẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Inú á rún mi bí ẹni ń fún aṣọ, mà á sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni mà á rí. Lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, nígbà míràn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo rù. Mo mọ gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà láàárín ilé mi àti ibi iṣẹ́. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ àìsàn náà, nítorí pé mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣe bàbá mi ni.

*

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí bàbá mi ṣe kú, kí ohun tó kù lè yéni.

Àgbẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ àti ègúsí ló ń gbìn, oko rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà Ìdèrè, ó pààlà pẹ̀lú ti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Rẹ̀mí. Fún bí ọdún méje ni bàbá mi fi ń ya ẹ̀jẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo ayé pè é. Wọ́n ní kó má fẹnu kan ṣúgà, wọ́n ń se àgbo fún un, ó ń mu ún. Ìgbà míràn á rọlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, á tún padà.

Ní ọdún tó kẹ́yìn, ìjà ààlà dé sáàárín òun àti àbúrò rẹ̀. Kò ju ilẹ̀ ebè mẹ́ta lọ. Bàbá Rẹ̀mí bínú, ó sì pa àálè síbẹ̀: ó so ìgbálẹ̀ àti ìkarahun ìgbín mọ́ igi, ó fi àkísà pupa wé e, kí ẹnikẹ́ni má bàa ré ààlà náà kọjá. Bàbá mi ré e kọjá. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi wú láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ náà kiri àgbàlá. Mo ṣì lè gbọ́ ọ: ẹsẹ̀ kan á balẹ̀, èkejì á wọ́ tẹ̀lé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó jókòó lórí pákó iwájú ilé, ìyá mi gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú rẹ̀. Ó ní, kí ló dé tí àyà òun fún mọ́ òun báyìí. Kí ẹ̀kọ yẹn tó tutù, ó ti kú.

Ìyá mi kò sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó jáde lọ sí ojúde, ó dúró síwájú ìyẹ̀wù Bàbá Rẹ̀mí, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé, "Àálè rẹ ti ṣiṣẹ́. Jáde wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Bàbá Rẹ̀mí jáde. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀. Kò sẹ́, kò sì jẹ́wọ́. Ó dákẹ́ ni, ìdákẹ́ yẹn ni gbogbo wa sì fi dá a lẹ́bi. Kí a tó ṣe ogójì ọjọ́ òkú, ó ti kó lọ sí Ayété, ní ìkọjá Ìdèrè. Ọ̀kadà tó bá yára kò ní lò tó wákàtí kan débẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni kò sẹ́nì kan nínú wa tó lọ ibẹ̀.

*

Obìnrin ará Fílípíìnì kan tí à ń pè ní Lúùsì ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, lẹ́yìn tó bá mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀, tí mi ò lè dìde. Wọ́n yẹ ìfun mi wò. Wọ́n ní ìfun ńlá mi ló wú, tó sì ní egbò káàkiri inú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ara láti máa bá àrùn jà ni wọ́n dojú ìjà kọ ìfun tèmi fúnra mi. Kò sí oògùn tí yóò wò ó tán pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn wà tí yóò mú un dákẹ́. Mo lo oògùn náà fún oṣù mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ ti dúró ni èmi náà dáwọ́ oògùn dúró. Mi ò sọ fún Lúùsì. Nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo gbà pé ohun tó pa bàbá mi kì í ṣe ohun tí oògùn òyìnbó lè mọ̀, àti pé tó bá fẹ́ mú mi, á mú mi.

Ó padà ní oṣù Kọkànlá, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìyá arúgbó kan wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kejì, Ẹ́dínà lorúkọ rẹ̀. Iyè rẹ̀ ti ra. Kò mọ ọjọ́, kò mọ ọdún, ó sì máa ń pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé tíì lọ fún un. Kùrukùru ti dí fèrèsé pa, iná yàrá sì wà ní títàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago méjì kò tíì lù. Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò wò mí. Ẹ̀yìn mi, níbi ìlẹ̀kùn, ló ń wò.

Ó ní, "Sọ fún ọkùnrin yẹn kó jókòó. Ẹsẹ̀ ń dùn ún."

Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé a máa ń rẹ́rìn-ín sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ yẹn. Ẹ́dínà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ibẹ̀ pẹ̀lú àánú lójú, bí ẹni ń wo àlejò tí wọn kò fún ní àga.

Nígbà tí mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ kan balẹ̀, èkejì wọ́ tẹ̀lé e. Lórí kápẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ẹsẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi. Mo dúró. Ó dúró. Mo tún rìn, ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi, kò yára, kò falẹ̀. Mi ò lè bojú wẹ̀yìn. Mo rìn títí mo fi dé ibi dígí ńlá tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, mo ní kí n fi dígí náà wo ẹni tó ń tẹ̀lé mi.

Èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀. Mo ń wo ara mi bí mo ṣe ń bọ̀, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ òsì mi kò gbéra nílẹ̀. Èmi ni mo ń wọ́ ọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ká sòkòtò sókè. Ẹsẹ̀ náà ti tó ìlọ́po méjì èkejì rẹ̀, ó gbóná, ó ń dán. Mi ò mọ ìgbà tó ti ń wú. Ara tí mo ti ń fi pamọ́ fún gbogbo ayé, mo ti fi pamọ́ fún ara mi náà.

Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ pe Lúùsì. Lórí àtẹ̀gùn kẹta, àyà mi fún.

*

Ohun tí mo rántí nípa ọkọ̀ tó gbé mi ni pé mo ń ronú ẹ̀kọ. Mo ń wò ó bóyá ó ti tutù.

Dókítà tó tọ́jú mi jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan itan mi, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti já, ó ti bá iṣan lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó fẹ́ fún mi ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́. Mo kọ̀. Mo ní, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lára mi látìdí, ẹ̀yin sì fẹ́ fún mi ní oògùn tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dúró, ṣé ẹ fẹ́ kí ó tán ni? Kò bínú. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí èmi náà ṣe máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún ọmọ tí ẹ̀rù ń bà.

Ó ní iná tó ń jó nínú ìfun kì í dúró sínú ìfun. Ooru rẹ̀ ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri ara. Á mú kí ẹ̀jẹ̀ máa tètè dì, pàápàá nígbà tí àìsàn náà bá ń jà lọ́wọ́. Bó bá pẹ́, á máa ba ògiri iṣan jẹ́ láti inú, títí kan àwọn èyí tó ń fún ọkàn lẹ́jẹ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí ọkàn fi lè daṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tí rọpárọsẹ̀ fi lè mú ẹni tó ní àìsàn yìí, kódà tí kò tíì dàgbà. Ó ní ènìyàn lè máa ṣẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún sì máa dì lókè, àti pé ní ipò tí mo wà yìí, èyí tó ń dì ni yóò kọ́kọ́ pa mí. Wọn á máa ṣọ́ èyí tó ń ya, wọn á sì fún mi ní oògùn tí yóò pa iná inú ìfun.

Mo nawọ́, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́.

Nígbà tó fẹ́ dìde ni mo bi í léèrè. Mo sọ ti bàbá mi fún un: ọdún méje, ẹsẹ̀ òsì, àyà tó fún, ẹ̀kọ. Mi ò sọ ti àálè. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní òun kò lè sọ ohun tó pa ẹni tí òun kò yẹ̀ wò. Ó wá fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi lórí aṣọ ìbora, ó ní, "Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n gbé bàbá rẹ wá síbí lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ yẹn kọ́kọ́ wú, abẹ́rẹ́ yìí kan náà ni ǹ bá fún un."

Ó jáde. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wo kùrukùru lójú fèrèsé. Ọkùnrin kan tó wà ní Ayété ni mo ń rò.

*

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀. Lúùsì ń wá lójoojúmọ́, ó sì gbé ìrẹsì wá lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí láyè láti jẹun. Ọjọ́ kan, mo rìn dé ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù láìdúró sinmi, àwọn nọ́ọ̀sì sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tijú, ṣùgbọ́n inú mi dùn bí ìgbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù, láìfi ohun kankan pamọ́ mọ́. Ó sunkún nítorí tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débi ọ̀rọ̀ bàbá, tí mo ní ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ àálè, ẹkún náà dúró. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Ó pa fóònù.

Mo gba nọ́ńbà Bàbá Rẹ̀mí lọ́wọ́ Rẹ̀mí, ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èrúwà. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi wo nọ́ńbà náà kí n tó pè é, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti orí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá mi. Fóònù dún títí. Nígbà tó gbé e, ohùn bàbá mi ni mo gbọ́. Mi ò rántí pé ohùn wọn jọra tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ti mú kó dàgbà dé ibi tí bàbá mi kò dé.

Mo kí i. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi."

Mo rò ó fún un bí mo ṣe rò ó fún ìyá mi: ìfun, ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀rọ̀ dókítà. Kò dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Èmi ni mo so àálè yẹn. Mo mọ ohun tí mo sọ sí i. Mo ní ẹni tó bá kọjá, kó mú un lẹ́sẹ̀."

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ìgbà tí a fi ń rò pé ó ń dákẹ́ nítorí pé ọ̀dájú ni, òun náà gbà pé òun ló pa ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní, "Bàbá, ọdún méje ni wọ́n ti ń ya ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó so ó. Àìsàn ti mú wọn ṣáájú àálè yín."

Ó mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ adìyẹ kan lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ọ̀kadà tó kọjá. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Tí kì í bá ṣe èmi ló pa á, ta ni mo ti jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá?"

Èmi náà ti gbé níbi tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì rò pé ọ̀nà jíjìn ló ń ṣe é. Ọkùnrin yìí kò jìnnà sílé ju ìrìn wákàtí kan lọ, àjò tirẹ̀ sì jìnnà ju tèmi lọ.

Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá dókítà ní àìsàn náà máa ń rìn nínú ẹbí. Mo ní ó ní ó lè rìn. Nígbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èémí rẹ̀. Ó kúrú. Ó ń mí bí ẹni tó gun òkè, bẹ́ẹ̀ ó ní orí àga lòun wà.

Ó ní, "Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀. Mi ò sọ fún Rẹ̀mí. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló wá gba ẹ̀san." Ó sinmi díẹ̀. "Ẹsẹ̀ òsì yìí kò wọ bàtà láti ìjẹta."

Ìgbà kan wà láyé mi tí mo wo irú ẹsẹ̀ yìí lára bàbá mi, ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, tí mo sì lọ pọn omi.

Mi ò bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Mo ní, "Ẹ má dìde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra á. Ẹ má mu àgbo kankan. Rẹ̀mí ń bọ̀ wá gbé yín." Ó ní kí n má yọ Rẹ̀mí lẹ́nu níbi iṣẹ́. Mo ní mo ti ń pè é.

Rẹ̀mí gba ọkọ̀ kan ní Èrúwà, ó lọ gbé e ní Ayété, wọ́n sì kọjú sí Ìbàdàn. Títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ńlá lọ́hùn-ún, mo dúró ní ojú fèrèsé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Kùrukùru ti bo òpópónà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á yọ nínú rẹ̀, á rìn díẹ̀, á tún wọ inú rẹ̀ lọ, mo sì ń wo ẹsẹ̀ gbogbo wọn bóyá wọ́n ń wọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni Rẹ̀mí pè. Ẹ̀jẹ̀ ti dì lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀ lóòótọ́, láti orúnkún dé itan, díẹ̀ sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́. Dókítà ní ká ní ó sùn sílé lọ́jọ́ yẹn, òun kò mọ ohun tí òun ì bá sọ.

*

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kejì. Mo lọ sí yàrá Ẹ́dínà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, ó sì sọ fún mi nínú ọ̀rọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni ìyá òun fún ogójì ọdún, kí iyè rẹ̀ tó ra. Bóyá ẹsẹ̀ mi ló rí lọ́jọ́ yẹn. Ojú tó ti wo ẹsẹ̀ ènìyàn fún ogójì ọdún lè rí i kí orí tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló sọ, ẹ̀yìn mi ló sì wò. Mi ò rí ibi gbé ọ̀rọ̀ náà sí títí di òní, mo sì ti dẹ́kun wíwá a.

Mò ń lo oògùn mi báyìí, bí ẹ̀jẹ̀ wà, bí kò sí. Mò ń rìn létí òkun láàárọ̀, mo sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lóṣooṣù, nítorí dókítà ní ẹni tó bá ní irú ìfun tèmi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀ náà. Ọkùnrin kan tó ń mú ajá rìn ti ń kí mi. Ó tó oṣù márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, wọ́n yẹ ìfun Bàbá Rẹ̀mí wò, wọ́n sì bá irú tèmi níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, Rẹ̀mí ń gbé e padà sí Ayété, Igbó-Ọrà ni ọ̀nà sì gbà. Kò sọ fún bàbá rẹ̀, kò sọ fún ìyá mi. Iwájú ilé wa ló ní kí dẹ́rẹ́bà dúró, ó sì pè mí lórí fídíò, ó ní kí n máa wò.

Mo rí ìyá mi tó jáde sí ẹnu ọ̀nà, okùn tó fi ń wọn aṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rí ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó dúró. Bàbá Rẹ̀mí fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti kí i bó ti yẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà fún un, ó sì wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ọ̀kan nílẹ̀. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé fóònù ló dúró, àfi ìgbà tí mo rí ewúrẹ́ kan tó kọjá níwájú wọn.

Ìyá mi rìn lọ síbi ọkọ̀. Ó wò ó láti orí dé ibi ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé.

Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ ti rù jù."

Akọ̀wé ni orúkọ tó sọ àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́dún tó wọlé wá bí ìyàwó, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú. Ó tẹ̀ ba, ó fi èjìká gbé apá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un bọ̀ wá sílé, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀.